Áàpù tí ò fẹ́ kúrò lórí fóònù: àyẹ̀wò Universal Android Debloater Next Generation

Fóònù tuntun kì í dé ní òfìfo. Kí ẹni tó rà á tó fi ohunkóhun sí i, áàpù ìròyìn, eré, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, Facebook àti oríṣiríṣi ohun tí kò béèrè ti jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá ní kí ẹ yọ ọ̀kan, ẹ ò ní rí “Uninstall”. “Disable” ni ẹ máa rí, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ bọ́tìnnì yẹn á ṣú, kò ní ṣeé tẹ̀. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan ò wá ní àṣẹ láti lé àlejò tí kò pè jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ènìyàn nínú, ó sì yẹ kó bí ènìyàn nínú.

Irinṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni Universal Android Debloater Next Generation, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń yọ irú áàpù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí fóònù Android, èyí tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní UAD-ng. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL 3, èdè Rust ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe UAD dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àwọn míì wá gbà á ṣe. Ibẹ̀ ni “Next Generation” ti wọ inú orúkọ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí ẹ wo orúkọ dáadáa kí ẹ má lọ gbé èyí tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú mọ́. Kò dìgbà tí ẹ bá root fóònù, ìyẹn kí ẹ gba àṣẹ tó ga jù lọ lórí rẹ̀, kí ẹ tó lò ó.

Ìdájọ́ mi kí ọ̀rọ̀ tó gùn: fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, mi ò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n “Uninstall” tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lè sọ fóònù di òkúta lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kánjú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààyè nìkan

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ áàpù wọ̀nyí ò ju pé wọ́n ń gba ààyè lọ. Ààyè ló kéré jù nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Áàpù tí ẹ bá gbé láti Play Store, Android á sé e mọ́ inú àpótí tirẹ̀: tó bá fẹ́ wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín tàbí kó mọ ibi tí ẹ wà, ó di dandan kó béèrè lójú yín, ẹ sì lè kọ̀. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bá fi sínú fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí báyẹn. Abala system, ibi tí Android fúnra rẹ̀ wà, ló ń gbé. Tó bá jẹ́ fódà priv-app ni wọ́n fi í sí, ó lè ní àṣẹ tí áàpù lásán kò lè fojú rí láéláé. Ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ náà ni INSTALL_PACKAGES, tó ń jẹ́ kó fi áàpù míì sórí fóònù láìbi yín. Òmíràn ni READ_PRIVILEGED_PHONE_STATE, tó ń jẹ́ kó ka IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tí kì í yí padà bí ẹ tilẹ̀ nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Láti Android 10 ni Google ti gba IMEI lọ́wọ́ áàpù lásán. Òfin yẹn ò kan èyí tó bá fóònù wá tó sì di àṣẹ yìí mú.

Ẹ jẹ́ ká mú Facebook wò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ lè mú Facebook tí ẹ ń rí, com.facebook.katana, kúrò lójú fóònù. Mẹ́ta míì ṣì wà tí kò ní àmì kankan níwájú: com.facebook.appmanager, com.facebook.services àti com.facebook.system. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gbé áàpù Facebook wọlé kí wọ́n sì máa ṣe àpdéètì rẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ Play Store. Ẹni tí kò ní àkántì Facebook rí láyé rẹ̀ lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù rẹ̀ kó má mọ̀. Kí àmì kúrò lójú fóònù kò túmọ̀ sí pé áàpù ti kúrò, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gan-an nìyẹn.

Ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kryptowire tú àṣírí sọ́fúwíà Adups lórí fóònù BLU R1 HD tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ni kó máa gbé àpdéètì wá. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ni pé ó ń fi ọ̀rọ̀ inú SMS, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn, àti àkọsílẹ̀ ìpè ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan ní ilẹ̀ Ṣáínà; wákàtí 72 ni wọ́n fi ń rán SMS àti àkọsílẹ̀ ìpè lẹ́ẹ̀kan. Olówó fóònù kò rí nǹkan kan lójú fóònù rẹ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní IMDEA Networks lórílẹ̀-èdè Spain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ fáìlì áàpù tó bá fóònù wá wò, ó ju 82,000 lọ, láti orí fóònù tó ju 1,700 tí ilé-iṣẹ́ 214 ṣe. Wọ́n rí áàpù tó ń kó ọ̀rọ̀ ènìyàn jọ, wọ́n rí èyí tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún áàpù míì láti gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n tún rí èyí tó jẹ́ kòkòrò gidi. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Privacy International àti àjọ tó ju 50 kọ̀wé sí ọ̀gá Google, Sundar Pichai. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni pé kí olówó fóònù lè yọ áàpù wọ̀nyí pátápátá. A ṣì ń béèrè.

Bí ẹ ṣe máa gbé e dìde, àti ibi tó ti sábà ń há

Ohun mẹ́ta ni ẹ nílò: kọ̀ǹpútà, okùn USB tó lè gbé détà, àti ADB, irinṣẹ́ kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún fóònù, tí Google fúnra rẹ̀ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Platform-Tools. Ẹ gbé Platform-Tools láti developer.android.com, ẹ tú u, kí ẹ wá fi fáìlì UAD-ng sínú fódà kan náà tí adb wà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ADB sínú PATH lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fódà kan náà ló rọrùn jù.

Kí ẹ tó so okùn rárá, ẹ ṣe nǹkan méjì. Ẹ da àwòrán, nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ WhatsApp kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò nínú àkántì ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù, ìyẹn àkántì Samsung, Xiaomi tàbí irú rẹ̀. Àwọn tó ṣe UAD-ng kọ èyí sínú ìlànà wọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń fò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹ bá yọ áàpù tó ń bójú tó àkántì náà nígbà tí fóònù ṣì so mọ́ ọn, fóònù lè tì pa kó máa béèrè ẹni tí ẹ jẹ́, bẹ́ẹ̀ áàpù tí ì bá dá yín mọ̀ ni ẹ ti yọ yẹn.

Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, About phone, kí ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje léraléra. Lórí Samsung, inú Software information ló wà. Lórí Xiaomi, nọ́ńbà MIUI tàbí HyperOS gan-an ni ẹ máa tẹ̀. Developer options á yọjú nínú Settings. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ tan USB debugging, ẹ so okùn. Fóònù á béèrè bóyá kí òun gba kọ̀ǹpútà yìí láàyè, á fi ìlà gígùn kan tó kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà hàn. Ẹ tẹ Allow. Tí kọ̀ǹpútà náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ má fi àmì sí “Always allow from this computer”, torí ẹni tó bá ni kọ̀ǹpútà yẹn á lè wọ fóònù yín nígbà míì.

Kí ẹ tó ṣí UAD-ng, ẹ tẹ “adb devices” nínú fèrèsé àṣẹ kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ibi tí ìṣòro wà. Tí nọ́ńbà fóònù bá jáde tí “device” tẹ̀ lé e, ó ti parí. Tó bá jẹ́ “unauthorized”, ẹ wo ojú fóònù, ìbéèrè yẹn ṣì ń dúró dè yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ Revoke USB debugging authorizations nínú Developer options, ẹ yọ okùn, ẹ tún un so. Tí nǹkan kan ò bá jáde rárá, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ okùn tó bá ṣájà wá, iná nìkan ló ń gbé, kò ní wáyà détà nínú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn okùn, ẹ wo bóyá fóònù wà lórí File transfer àbí lórí gbígba iná nìkan. Lórí Windows, ó lè jẹ́ dúráífà ilé-iṣẹ́ fóònù ni kò sí. Kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi UAD-ng. Tí ADB ò bá rí fóònù, UAD-ng náà ò lè rí i.

Àtòkọ rẹ̀ ni iyì rẹ̀

Ohun tí UAD-ng ń ṣe lábẹ́, ẹnikẹ́ni tó mọ ADB lè fi ọwọ́ ṣe é. Ibi tí irinṣẹ́ yìí ti yọrí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni àtòkọ tó ń gbé káàkiri. Tí ẹ bá wo orúkọ pákéèjì lásán lórí fóònù, ìyẹn orúkọ tí Android fi ń mọ áàpù kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni, ojú á dà rú. Ta ló fẹ́ mọ ohun tí com.aura.oobe ń ṣe nípa wíwo orúkọ rẹ̀? UAD-ng ní àlàyé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn: tí ẹ bá tẹ orúkọ kan, àlàyé á jáde nísàlẹ̀, ohun tó ń ṣe, ẹni tó ni ín, ohun tó máa bàjẹ́ tí ẹ bá yọ ọ́. Ó tún pín wọn sí ti Google, ti ilé-iṣẹ́ fóònù, ti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ti Android fúnra rẹ̀ àti àwọn míì.

Ìpele mẹ́rin ló wà. Recommended ni èyí tí yíyọ rẹ̀ kò ní ba ohun gidi kan jẹ́. Ibẹ̀ ni mẹ́ta Facebook wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ọjà wà, bíi com.miui.msa.global tó ń gbé ìpolówó sínú áàpù Xiaomi. Advanced lè gba iṣẹ́ kan tí ẹ ń lò lọ́wọ́ yín, ẹ ka àlàyé kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Expert lè ba ohun pàtàkì jẹ́. Unsafe ni èyí tó lè mú kí fóònù máa tan kó máa kú, kó má wọlé mọ́. Irinṣẹ́ náà kò ní jẹ́ kí ẹ mú Unsafe àfi tí ẹ bá tan Expert mode nínú Settings rẹ̀. Ẹ má tàn án. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ni com.xiaomi.finddevice: orúkọ rẹ̀ dà bí ohun tó ń tọpa ènìyàn, ọwọ́ á máa yún èèyàn láti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́, fóònù ò ní dìde mọ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ má tẹ gbogbo Recommended lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà láti ṣe é. Ẹ mú márùn-ún, ẹ tẹ Review selection, ẹ tún orúkọ wọn kà, kí ẹ tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn. Ẹ pe ẹnì kan, ẹ fi SMS ránṣẹ́, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ gbìyànjú Bluetooth, ẹ ṣètò aago ìdágìrì kan fún ìṣẹ́jú méjì. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ mú márùn-ún míì. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé tí nǹkan bá bàjẹ́, orúkọ márùn-ún péré ni ẹ máa wá ẹ̀bi láàárín wọn. Ẹni tó yọ ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan tí kámẹ́rà rẹ̀ wá kọ̀ láti ṣí, kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ìpele wọn ò dẹ́rù bani tó bó ṣe yẹ, torí ó sinmi lórí ohun tí ẹ̀yin ní. Kíbọọ̀dù ni àkọ́kọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ kíbọọ̀dù ilé-iṣẹ́ nítorí pé ó lè rí gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé òmíràn wọlé, ẹ yàn án, ẹ fi kọ nǹkan, ẹ pa fóònù kí ẹ tún un tàn, kí ẹ rí i pé òun náà ló ń jáde níbi pásíwọ̀ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yọ ti àkọ́kọ́. Bákan náà ni launcher, ìyẹn áàpù tó ń to àmì sójú fóònù. Android System WebView, com.google.android.webview, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà: ọ̀pọ̀ áàpù ló ń lò ó láti ṣí ojúlé nínú ara wọn, báǹkì pàápàá wà nínú wọn, tí ẹ bá yọ ọ́ wọ́n á máa kú lójijì láìsọ ìdí.

Àléébù àtòkọ yìí kan wà. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀fẹ́ ló ti ń wá, fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Lórí fóònù tí kò gbajúmọ̀, ẹ máa rí pákéèjì púpọ̀ lábẹ́ Unlisted, tí kò ní àlàyé kankan. Èyí tí kò bá ní àlàyé, ẹ má yọ ọ́ nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ohun burúkú. Ẹ lè yẹ ọ̀kan wò fúnra yín báyìí: “adb shell dumpsys package”, kí orúkọ pákéèjì tẹ̀ lé e. Ẹ wá ìlà codePath. Tí priv-app bá wà nínú rẹ̀, áàpù tó ní ọlá ni. Nísàlẹ̀ “install permissions” ni ẹ ti máa rí àwọn àṣẹ tó ní, “granted=true” lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Áàpù eré tàbí ti ìròyìn tó ní INSTALL_PACKAGES, ó di kó lọ.

Ohun tí “Uninstall” ń ṣe gan-an

Àṣẹ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì yẹn nìyí, tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́:

adb shell pm uninstall --user 0 com.facebook.appmanager

“Success” ni ìdáhùn tó yẹ kó jáde. “Failure [not installed for 0]” túmọ̀ sí pé ó ti kúrò tẹ́lẹ̀ tàbí orúkọ náà kò sí. Tó bá jẹ́ “DELETE_FAILED_USER_RESTRICTED”, ẹnì kan ló dè é, ó sábà jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí fóònù náà wà lábẹ́ àkóso wọn.

Kókó ọ̀rọ̀ náà wà nínú “--user 0”. User 0 ni ẹ̀yin, ẹni àkọ́kọ́ tó ń lo fóònù. Áàpù náà kúrò lọ́dọ̀ yín: kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní jẹ détà, kò ní rí ohun kan. Ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ ṣì wà ní abala system. Kíkà nìkan ni abala yẹn ṣeé kà, kò ṣeé kọ sí, fóònù sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ń tàn láti rí i pé ẹnikẹ́ni kò yí i padà. Láìṣí bootloader, ètò tó ń gbé fóònù dìde tí ilé-iṣẹ́ tì pa, ọwọ́ kankan ò lè nu fáìlì yẹn. Nítorí náà ẹ má retí pé ààyè púpọ̀ á ṣí sílẹ̀. Àpdéètì tí áàpù náà ti gbà àti détà tó ti kó jọ nìkan lẹ máa rí gbà padà.

Nǹkan mẹ́ta ló tẹ̀ lé èyí. Ó dára pé kò sí ohun tí ẹ yọ tí ẹ kò lè dá padà: UAD-ng ní Restore, tàbí kí ẹ tẹ “adb shell cmd package install-existing” pẹ̀lú orúkọ pákéèjì, kò ní kí ẹ gbé fáìlì láti ibikíbi. Lórí Android tó ti pẹ́ gan-an, ìdápadà yìí kì í sábà ṣiṣẹ́. Disable ni kí ẹ lò níbẹ̀. Kò dára pé Factory reset, ìyẹn nínu fóònù kó rí bí ìgbà tí ẹ rà á, á dá gbogbo wọn padà, àpdéètì ńlá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù náà lè gbé àwọn kan padà tàbí kó mú tuntun wá. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ìlànà tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi “-k” kún àṣẹ yìí. Iṣẹ́ “-k” ni láti tọ́jú détà áàpù náà. Ẹni tó ń yọ áàpù nítorí àṣírí ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi détà tó ti kó jọ ṣe? Ẹ yọ “-k” kúrò.

Tí fóònù bá wá kọ̀ láti dìde, ẹ má tíì sunkún. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti gbà láyè tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ADB máa ń jí kí fóònù tó kú padà. Tí “adb devices” bá rí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ yára tẹ àṣẹ ìdápadà. Tí èyí ò bá ṣeé ṣe, Factory reset láti inú Recovery, ojú àtúnṣe tí fóònù lè ṣí kí Android tó tàn, á gbé e dìde, torí fáìlì system ṣì pé. Ohun tí ẹ kò dà kọ ló máa lọ.

Ẹ tún mọ̀ pé user 0 kọ́ ló máa ń wà nìkan. Secure Folder ti Samsung ni user 150, áàpù onílọ́po méjì ti Xiaomi ni user 999, àkántì iṣẹ́ sì sábà máa ń jẹ́ 10. Áàpù tí ẹ yọ lọ́dọ̀ user 0 lè ṣì máa ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀. UAD-ng ní Multi-user mode tó ń yọ ọ́ lọ́dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. “adb shell pm list users” á sọ iye tó wà lórí tiyín.

Fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà

Canta ni kí ẹ lò, áàpù tó ń yọ áàpù míì, pẹ̀lú Shizuku, tó ń fún un ní àṣẹ ADB láìsí kọ̀ǹpútà. Orí fóònù ni méjèèjì ń gbé. Láti Android 11, Developer options ní Wireless debugging: ẹ tàn án nígbà tí Wi-Fi wà, ẹ tẹ Pair device with pairing code, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tó bá jáde sínú ìfitónilétí Shizuku. Lẹ́yìn náà Canta á lè yọ áàpù. Ó ń lo àlàyé àtòkọ UAD-ng kan náà, torí náà ìmọ̀ràn nípa Recommended kò yí padà. Wàhálà rẹ̀ ni pé tí ẹ bá pa fóònù tí ẹ tún un tàn, Shizuku sábà máa ń kú, ẹ máa tún un gbé dìde. Tí fóònù bá sì kọ̀ láti dìde, Canta wà nínú fóònù tó kú náà. Nítorí èyí ni mo ṣe fi UAD-ng ṣíwájú rẹ̀.

Ohun tí kò lè ṣe

Tí kòkòrò bá wà nínú sọ́fúwíà ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, UAD-ng kò lè rí i. Ní oṣù kẹfà 2019, Google fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ́ Triada wọ inú àwọn fóònù kan kí wọ́n tó kúrò ní ilé-iṣẹ́, ó fi ara rẹ̀ sínú Android. Irú èyí kì í ṣe áàpù tí ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ nínú àtòkọ. Sọ́fúwíà mímọ́ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, tàbí fóònù míì, ni ọ̀nà àbáyọ.

Kò sì lè bá yín yanjú ọ̀rọ̀ Google. Google Play Services, com.google.android.gms, ló ń gbé ìfitónilétí WhatsApp àti ọ̀pọ̀ áàpù míì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá yọ ọ́ á mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń fi NetGuard dí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn áàpù system dípò kí wọ́n yọ wọ́n. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ áàpù system ń pín nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo láàárín ara wọn, nítorí náà tí ẹ bá dí ọ̀kan, ẹ ti dí gbogbo ìdílé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ lórí iPhone. Níbẹ̀, òfin ló ṣe ohun tí irinṣẹ́ kò lè ṣe: Digital Markets Act ti Yúróòpù, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé láti 7 oṣù kẹta 2024, ló mú kí Apple jẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù lè yọ Safari, App Store, Camera àti Messages láti iOS 18.2. Òfin míì lè dojú kọ ibòmíràn o. Rọ́ṣíà ti ń fi dandan lé e láti 1 oṣù kẹrin 2021 pé kí áàpù ilẹ̀ wọn bá fóònù tuntun wá. Ní ìparí 2025, ìjọba Íńdíà pàṣẹ pé kí Sanchar Saathi, áàpù ìjọba, wà lórí gbogbo fóònù tuntun. Ariwo àwọn ènìyàn ló mú kí wọ́n fa àṣẹ náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ṣí Settings nínú UAD-ng kí ẹ tẹ Backup, kí àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ yọ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ padà sí fóònù, ẹ tẹ Revoke USB debugging authorizations, ẹ pa USB debugging, ẹ pa Developer options fúnra rẹ̀. Àwọn áàpù báǹkì kan kì í fẹ́ ṣí tó bá wà ní títàn. Lẹ́yìn gbogbo àpdéètì ńlá, ẹ tún so okùn, kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ Recommended àti Enabled. Èyí tí ẹ ti yọ tẹ́lẹ̀ tó bá tún wà níbẹ̀, ó ti padà wá.